Síìmù Inú Àpótí Máṣíìnì: Ìdí Tí Owó Ará Òkè-Òkun Fi Ń Há Sí Báńkì Nílé

Lára máṣíìnì ìránṣọ ìyá mi ní Òkèsà, nílùú Iléṣà, àpótí kékeré kan wà tí wọ́n ń kó òwú, bọ́tìnnì àti abẹ́rẹ́ sí. Láàárín àwọn nǹkan wọ̀nyí ni fóònù onítọ́ọ̀ṣì kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í fi pe ènìyàn. Àbúrò mi ọkùnrin tó ti wà ní Houston, ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2019 ló ni síìmù inú rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, kí ìyá mi tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n máa ń fi fóònù náà sí iná, nígbà tí oṣù bá sì parí, wọ́n á ra káàdì 200 náírà sí i kí ilé-iṣẹ́ fóònù má baà gba nọ́ńbà náà. Bí ó bá dún, ẹni tó bá wà nítòsí ni yóò sáré mú un, nítorí pé nọ́ńbà mẹ́fà tí báńkì fi ránṣẹ́ sórí rẹ̀ ni àbúrò mi ń dúró dè lókè òkun, bí a kò bá sì tètè kà á fún un lórí WhatsApp, kóòdù náà yóò ti kú, yóò sì tún padà síbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ilé ní Iléṣà àti Ilé-Ifẹ̀ ló ní irú fóònù bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí àwọn ọmọ wa tó wà nílùú òyìnbó fi ń ráhùn nípa báńkì ilé, ibi fóònù yìí ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Láti bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni báńkì ti yí ọ̀nà tí ó fi ń dá oníbàárà mọ̀ padà. Nígbà kan, ojú ẹni, ìwé ìfowópamọ́ àti ìbuwọ́lùwé tó, akọ̀wé báńkì sì lè mọ̀ pé ọmọ olùkọ́ báyìí lẹni tó dúró níwájú òun. Lónìí, nọ́ńbà mẹ́ta ló ń jẹ́rìí ẹni: BVN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníbàárà báńkì), NIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè), àti nọ́ńbà fóònù tí a fi ṣí àkáǹtì. Òfin tó bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìdí tó dára, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń lò ó jọ ti ẹni tó gbà pé kò sí oníbàárà tó jìnnà ju ibi tí ọ̀kadà lè gbé e dé báńkì lọ.

BVN ló kọ́kọ́ dé. Báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, tí a mọ̀ sí CBN, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2014. Nọ́ńbà mọ́kànlá ni, wọ́n sì so ó mọ́ àwòrán ojú àti ìtẹ̀ka ènìyàn, kí ẹnì kan ṣoṣo má baà ní àkáǹtì lábẹ́ orúkọ márùn-ún láti fi kó owó olówó. Ẹni tó wà nílé lọ sí báńkì, ó tẹ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ó sì parí. Àwọn tó wà lókè òkun kò rí i ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà CBN fi ọjọ́ kún gbèdéke tiwọn títí di oṣù kìíní ọdún 2016, wọ́n sì ṣí ibùdó díẹ̀ sí àwọn ìlú ńlá. Ẹni tó ń gbé nílùú kékeré ní Kánádà ní láti wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú mìíràn nítorí ìka ọwọ́ rẹ̀.

NIN tẹ̀lé e. Ọdún 2007 ni òfin tó dá NIMC, àjọ tó ń fún ènìyàn ní NIN, sílẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n oṣù kejìlá ọdún 2020, nígbà tí ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo síìmù ní NIN lára, ni ọ̀rọ̀ náà tó kan gbogbo ilé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, wọ́n dí àwọn síìmù tí kò tíì ní NIN lọ́wọ́ láti pe ẹnikẹ́ni. Ẹ wo bí ó ṣe so kọ́ra: ẹni tí kò ní NIN kò ní síìmù tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹni tí síìmù rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ kò rọrùn fún un láti bá báńkì rẹ̀ sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni gbígba NIN kò rọrùn fún ẹni tí kò sí nílé. Lẹ́yìn èyí ni CBN kọ̀wé sí àwọn báńkì ní ọjọ́ 1 oṣù kejìlá ọdún 2023 pé láti ọjọ́ 1 oṣù kẹta ọdún 2024, kí wọ́n ti àkáǹtì tí kò bá ní BVN tàbí NIN lára pa. Àwọn òṣìṣẹ́ báńkì ń pe ọ̀kan nínú irú ìtìpa bẹ́ẹ̀ ní PND, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé owó lè wọlé, ṣùgbọ́n kò lè jáde. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fún gbogbo ènìyàn, ẹni tó wà ní Òkèsà àti ẹni tó wà ní Houston bákan náà.

BVN ni àbúrò mi ní tirẹ̀, kò ní NIN. Nígbà tó fẹ́ tún páàsípọ́ọ̀tù rẹ̀ ṣe lọ́hùn-ún ló tó gba NIN, ẹni tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ sì kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń kọ ọ́, oṣù ṣáájú, ọjọ́ tẹ̀lé e. Bí ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta ṣe di ọjọ́ kẹta oṣù kejìlá nìyẹn. Lójú ẹ̀rọ báńkì, ènìyàn méjì ni ẹni tó ni BVN àti ẹni tó ni NIN, kò sì sí ẹ̀rọ tí yóò rò ó pé ìkọ̀wé ló yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tó ti fẹ́ ọkọ tún le ju èyí lọ, nítorí pé orúkọ bàbá wà lára BVN, orúkọ ọkọ wà lára páàsípọ́ọ̀tù, nígbà mìíràn sì rèé, orúkọ àbísọ tí wọ́n fi ṣáájú nílé-ìwé ni wọ́n fi sẹ́yìn lára NIN. Àtúnṣe ọjọ́ ìbí kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́: ní ọdún 2025, NIMC gbé owó rẹ̀ láti 16,340 náírà sí 28,574 náírà.

Nọ́ńbà fóònù ni ẹ̀kẹta, òun sì ni mo rò pé ó burú jù, nítorí pé òun nìkan ni wọ́n lè gbà lọ́wọ́ ènìyàn láìjẹ́ pé ó ṣẹ̀. Lábẹ́ ìlànà àjọ NCC tó ń ṣàkóso iṣẹ́ fóònù, bí síìmù kan bá lo 180 ọjọ́ láìpe ẹnikẹ́ni tàbí náwó kankan, ilé-iṣẹ́ fóònù lè pa á. Bí oṣù mẹ́fà mìíràn bá tún kọjá, wọ́n lè ta nọ́ńbà náà fún ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ra nọ́ńbà náà ní Kádúná tàbí ní Òǹdó kò mọ nǹkan kan, àfi kí ó ṣáà máa rí iṣẹ́ tí báńkì ń rán pé owó báyìí wọlé, owó báyìí jáde, kóòdù rèé, ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò rò pé olè kan wà tó lè fẹ́ ẹ̀bùn tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí rẹ̀ ni 200 náírà ìyá mi ṣe jẹ́ owó tó ṣe pàtàkì jù lọ tí à ń ná lórí àkáǹtì náà.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí àbúrò mi kò mú síìmù rẹ̀ lọ. Àwọn kan ń mú un lọ, wọ́n sì ń jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n owó ni kálukú ń san fún un, iṣẹ́ báńkì sì lè pẹ́ kó tó dé tàbí kó má tilẹ̀ dé. Kóòdù USSD tí a ń tẹ̀ lórí fóònù nílé láti fi bá báńkì ṣe kò ṣiṣẹ́ lórí síìmù Amẹ́ríkà. Ó ku kí ènìyàn pe báńkì, èyí tó mú ọ̀rọ̀ aago wá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn lọ́hùn-ún, aago méjì òru ni ní Houston nígbà tí báńkì bá ṣílẹ̀kùn ní aago mẹ́jọ àárọ̀ nílé. Nígbà òtútù, aago kan òru ni. Tí wọ́n bá ń tìlẹ̀kùn ní aago mẹ́rin, ẹni tó wà níbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu iṣẹ́ ni. Orin báńkì ni àbúrò mi máa ń gbọ́ lórí fóònù ní òru, ó ní òun ti mọ̀ ọ́n kọ.

Nígbà tí wọ́n ti àkáǹtì náà pa nítorí ọjọ́ ìbí tí kò bára mu yìí, èmi àti ìyá mi lọ sí báńkì. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ìyá mi mú lẹ́tà àbúrò mi dání, ẹ̀dà páàsípọ́ọ̀tù rẹ̀, ẹ̀dà NIN, àti ìwé iná mànàmáná ilé tó ń gbé ní Houston. Ọmọdébìnrin tó jókòó sídìí tábìlì oníbàárà kí wa dáadáa, ó ka lẹ́tà náà tán, ó sì sọ pé, “Ẹ má bínú, mọ́mì, ẹni tó ni àkáǹtì gan-an ni a fẹ́ rí.” Ìyá mi bi í léèrè bóyá kí àwọn gbé e pọ̀n wá láti Amẹ́ríkà. Ó rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ó tilẹ̀ ní òun kò lè sọ iye tó wà nínú àkáǹtì fún wa, lórí èyí sì rèé, òun ló jàre, nítorí pé òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ẹni, tí wọ́n buwọ́ lù ní ọdún 2023, kò fàyè gba pé kí wọ́n máa tú àṣírí oníbàárà fún ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n.

Ọ̀nà tó kù ni ìwé agbára, èyí tí agbẹjọ́rò ń kọ kí ẹnìkan lè ṣojú ẹlòmíràn. Àbúrò mi kọ ọ́, ó sì lọ fi òǹtẹ̀ gbé e lẹ́sẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí ìjọba ibẹ̀ fún láṣẹ. Báńkì dá a padà pé òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ aṣojú ìjọba Nàìjíríà ni àwọn fẹ́. Èyí tí wọ́n darí rẹ̀ sí wà ní Atlanta, ibẹ̀ sì ju ẹgbẹ̀rún kìlómítà lọ sí ilé rẹ̀. Ó gba ìsinmi ọjọ́ méjì níbi iṣẹ́, ó lọ, ó sì fi ìwé ránṣẹ́. Ìwé dé, ó ku ìbuwọ́lùwé. Ní Ilé-Ifẹ̀ ló ti ṣí àkáǹtì náà nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, nígbà tó ṣì ń kọ orúkọ rẹ̀ tán pátápátá nígbà tó bá fẹ́ buwọ́ lùwé. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá níbi iṣẹ́, ìlà méjì pẹ̀lú àmì kan ló kù nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí a padà sí ẹ̀ka tí wọ́n ti ṣí i. Bí a ṣe wọkọ̀ gba Òṣú kọjá lọ sí Ifẹ̀ nìyẹn, tí ìyá mi fi ọ̀rá wé àpò ìwé náà mọ́ àyà nítorí òjò, tí wọ́n sì sọ fún wa níbẹ̀ pé ẹ̀ka tó bá sún mọ́ wa lè ṣe é.

Iṣẹ́ òṣómàáló ni àwọn baba wa nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà fi di olókìkí. Wọ́n ń kiri aṣọ láwìn láti ìlú dé ìlú, bí ọjọ́ owó bá pé, wọ́n á lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ajigbèsè pé lílóṣòó ni àwọn ó lóṣòó títí àwọn ó fi gba owó àwọn. Ohun tó mú kí ó ṣiṣẹ́ ni pé olówó wà níbẹ̀, ajigbèsè ń rí i, àwọn aládùúgbò sì ń wò ó. Ẹni tó ní owó nílé lónìí, tí òun fúnra rẹ̀ wà ní Houston, kò ní ibi tí yóò lóṣòó sí. Àwa tó wà nílé ló ń bá a lóṣòó, a kò sì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè iye tó wà níbẹ̀.

Kí ni wọ́n tilẹ̀ ń fi àkáǹtì ilé ṣe? Owó ilé tí wọ́n ń kọ́ sí ọ̀nà Ifẹ̀ ni, owó oògùn ìyá, owó ilé-ìwé ọmọ ẹ̀gbọ́n, owó ẹgbẹ́ àti àjọ, owó tí ayálégbé ń san, èrè orí ìpín-ìdókòwò tí bàbá fi sílẹ̀. Gómìnà CBN, Olayemi Cardoso, sọ pé owó tó gba ọ̀nà tó bófin mu wọlé láti ọwọ́ àwọn ará òkè òkun jẹ́ bílíọ̀nù 3.3 dọ́là ní ọdún 2023, ó sì di bílíọ̀nù 4.73 ní ọdún 2024. Ìṣirò Báńkì Àgbáyé fún ọdún 2023 sún mọ́ bílíọ̀nù 20. Ọ̀nà ìṣirò yàtọ̀ síra lóòótọ́, síbẹ̀ ẹni tó bá ń gbé láàárín wa mọ apá kan ibi tí ìyókù ń gbà: ẹnìkan gba pọ́n-ùn ní London, ẹnìkejì san náírà ní Ẹrẹ́jà nílùú Iléṣà, kò sí báńkì tó rí i. Àwọn tó ń ṣe é mọ̀ pé ó léwu, ṣùgbọ́n ẹni tí báńkì ti dá padà lẹ́ẹ̀mẹta kò ní fetí sí ìwàásù lórí ewu.

Owó tó há tún ní ọ̀nà mìíràn tó fi ń dínkù tí kì í hàn nínú ìwé báńkì. Ní àárín oṣù kẹfà ọdún 2023, kí CBN tó jẹ́ kí náírà máa wá iye tirẹ̀ lọ́jà, nǹkan bí 470 náírà ni dọ́là kan. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Ẹni tí mílíọ̀nù kan náírà rẹ̀ wà lábẹ́ ìtìpa láàárín àkókò yẹn yóò bá mílíọ̀nù rẹ̀ níbẹ̀ pé, àmọ́ ohun tó tó 2,100 dọ́là nígbà tí ó fi í sílẹ̀ kò ju 670 lọ mọ́.

Àwọn aláṣẹ kò ṣàìmọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, CBN fọwọ́ sí oríṣi àkáǹtì méjì fún ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé lókè òkun, ọ̀kan fún ìnáwó ojoojúmọ́, èkejì fún ìdókòwò. Ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún kan náà, wọ́n ṣí ètò tí ẹni tí kò sí nílé fi lè gba BVN lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìwọ ọkọ̀ òfuurufú wálé, 50 dọ́là ni wọ́n sì ń gbà fún un. Ìgbésẹ̀ gidi ni, mo sì kí wọn fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní BVN rárá ló ràn lọ́wọ́ jù. Àbúrò mi ti ní BVN. Ohun tó ń dà á láàmú ni ọjọ́ ìbí méjì, ìbuwọ́lùwé tó yí padà àti síìmù tó wà nínú àpótí máṣíìnì, kò sì sí èyí tí BVN tuntun lè wò sàn nínú wọn. Ọ̀rọ̀ káàdì náírà, tí àwọn báńkì dá lílò rẹ̀ lókè òkun dúró ní ìparí ọdún 2022, ti ń dára díẹ̀díẹ̀ láti ọdún 2025, mi ò ní fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀.

Ìlànà kan wà tó yẹ kí àwọn ẹbí mọ̀ ju bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ní oṣù keje ọdún 2024, CBN tún òfin ṣe lórí àkáǹtì tó sùn: bí oṣù mẹ́fà bá kọjá láìjẹ́ pé wọ́n fi owó sí i tàbí gbà á, ó ti ń tòògbé, bí ó bá pé ọdún kan, ó ti sùn, bí ó bá pé ọdún mẹ́wàá, báńkì yóò kó owó náà lọ sí àpò tí CBN ń bójú tó, títí ẹni tó ni ín tàbí àrólé rẹ̀ yóò fi wá béèrè rẹ̀. Owó tí báńkì fúnra rẹ̀ yọ tàbí èlé tí ó fi sí i kò ka ènìyàn sí ẹni tó jí. Ẹni tó bá sì rí i pé báńkì kò dá òun lóhùn lè kọ̀wé sí ẹ̀ka CBN tó ń gbèjà oníbàárà, bí ọ̀sẹ̀ méjì bá ti kọjá lẹ́yìn tó kọ́kọ́ kọ ẹ̀sùn rẹ̀ sí báńkì. Kí ó rí i pé nọ́ńbà ẹ̀sùn wà lọ́wọ́ òun, nítorí pé ẹ̀sùn tí a fi ẹnu sọ nídìí tábìlì kò ní ọjọ́ ìbí.

Ní oṣù kejìlá, àbúrò mi wálé fún Kérésì. Ní ọjọ́ kẹta tó dé, ó lọ sí báńkì kan náà, ó tẹ ìka kan sórí ẹ̀rọ, ó fi NIN tó ti tún ṣe hàn, ó sì kún fọ́ọ̀mù kan. Kò pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí àkáǹtì náà fi ṣí. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dìde, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá òun fi nọ́ńbà Amẹ́ríkà rọ́pò ti ilé. Mọ́kànlá ni nọ́ńbà náà bí a bá ka 1 iwájú mọ́ ọn, ó sì wọ inú àpótí mọ́kọ̀ọ̀kànlá tó wà lórí ẹ̀rọ náà rẹ́gí, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kọ̀ ọ́ nítorí pé kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo. Ọmọdébìnrin náà gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ tí àbúrò mi ń padà, ó ra bátìrì tuntun sí fóònù onítọ́ọ̀ṣì náà, ó sì dá a padà sí àárín òwú àti bọ́tìnnì.